Ìṣẹ́jú Márùn-ún Láti Kpankou

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Kétu wá sí Kpankou yóò kọ́kọ́ mọ erùpẹ̀ wa kó tó mọ̀ wá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, erùpẹ̀ pupa náà a máa bo ewé, a bo òrùlé, a sì bo aṣọ funfun àwọn tó ń lọ sí ilé ìsìn. Nígbà òjò, a di ẹrẹ̀ tó ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Kpankou jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn arrondissement mẹ́fà tó para pọ̀ di kọmúùnù Kétu: Kétu fúnra rẹ̀, Adakplamè, Idigny, Odometa, Okpometa, àti àwa. Àwọn àlejò tí ń wá wo ohun àtijọ́ kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnubodè Àkàbà Ìdènà ni wọ́n ń wá, Kétu ni ìyẹn wà. Ààfin Alákétu ni wọ́n ń wá, Kétu náà ni. Ohun tí a ní níhìn-ín ni oko: àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà, àti èéfín gààrí tí ń gòkè láti ẹ̀yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́.

A tún ní igi máńgòrò kan.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Igi náà wà ní ìkángun ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ìdí rẹ̀ sì ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń dúró dáadáa jù lọ ní sàkáání wa. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú fóònù rẹ̀ tàbí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti mú, ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan tó wà ní kíláàsì Première, ń dúró lábẹ́ igi yìí, ó kọjú sí ògiri, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà léraléra. Èmi a jókòó sórí gbòǹgbò, fóònù mi lọ́wọ́, n ó máa ka àkókò fún un. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọn yóò fún un, bí wọ́n bá fún un.

Ní oṣù tó ń bọ̀, àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní orílẹ̀-èdè wa, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn láti àwọn ilẹ̀ tó yí wa ká, yóò pàdé fún ọjọ́ méjì ní Kútọnú. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà yóò sọ̀rọ̀, ogójì ìṣẹ́jú fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, n ó sì gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo ń ka ọjọ́ dè, nígbà tí wọn yóò ṣí àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kúkúrú, tí ẹnikẹ́ni tó bá ti fi orúkọ sílẹ̀ yóò lè gun orí pèpéle, kí ó sọ ohun kan ṣoṣo, kí ó sì sọ̀kalẹ̀. Présentation éclair ni wọ́n ń pè é lédè Faransé. Fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ọ̀rọ̀ mànàmáná ni mo pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ wọn lẹ́nu.

Àṣà náà kò tíì gbó. Ní ọdún 1997, níbi ìpàdé àwọn tó ń lo èdè Python, wọ́n ti sọ irú ọ̀rọ̀ kúkúrú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní orúkọ. Oṣù kẹfà ọdún 2000 ni àwọn ará èdè Perl pàdé ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú wọn, Mark Jason Dominus, ló sì fi mànàmáná sọ ọ́ lórúkọ. Láti ìgbà náà ó ti tàn kálẹ̀. Níbòmíràn, agogo ni wọ́n ń lù bí àkókò bá pé. Níbòmíràn, gbogbo ìjókòó ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ títí olùsọ̀rọ̀ yóò fi dákẹ́, ì báà parí, ì báà má parí. Àwọn mìíràn ti bu tiwọn nínú irú èrò bẹ́ẹ̀: ní Tokyo ní ọdún 2003, Astrid Klein àti Mark Dytham dá PechaKucha sílẹ̀, àwòrán 20, ìṣẹ́jú-àáyá 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan; Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà ní kí àwọn tó ń ṣe doctorat ṣàlàyé ìwádìí wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ní 2008, Québec sì sọ ọ́ di ti Faransé ní 2012, èyí tí àwọn kan nínú yín ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, Ma thèse en 180 secondes. Ìpàdé Python pàápàá ti fìdí múlẹ̀ nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú: Windhoek ní 2015, Èkó ní 2017, àti Accra ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, níbi tí wọ́n ti ṣe ti gbogbo Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Mo ti wo púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ mànàmáná yìí nínú fídíò, ní òru, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò wọ́n tó ti ọ̀sán. Ohun tó wù mí nínú wọn ni pé àwọn èèyàn ń gbé ohun tí kò tíì pé wá síbẹ̀. Ẹni tó bá ní ogójì ìṣẹ́jú yóò wọ agbádá; ẹni tó ní márùn-ún yóò wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Á ní, ẹ wo ohun tí mo ṣe, ẹ wo ibi tó ti bàjẹ́, ta ló lè bá mi tún un ṣe? Ogójì ìṣẹ́jú ní àwọn ìgbìmọ̀ tí ń yan olùsọ̀rọ̀, wọn a sì máa wo ibi iṣẹ́ ẹni àti ìwé ẹ̀rí ẹni. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní ju bébà kan tí a lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹni tó bá tètè dé ni yóò kọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọ yìí fẹ́ lọ sọ, nítorí ó kan ẹ̀yin tí ń ka ìwé ìròyìn yìí.

Ìyá ìyá rẹ̀ ní Bíbélì kan tí wọ́n rà fún un ní Ìmẹ̀kọ, ní apá Nàìjíríà. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nígbà èwe. Kíláàsì alphabétisation ló ti kọ́ ìwé kíkà, ó sì kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ìyá yìí bá ṣí Bíbélì ìyá tirẹ̀, ó ń kọsẹ̀ ní gbogbo ìlà. Ilé kan ni, èdè kan ni, wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan, lẹ́tà kan náà kọ́ ni wọ́n fi kọ́ ìwé. Ọmọ náà gbìyànjú láti ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́: ó tẹ ọ̀rọ̀ kan sórí fóònù bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kọ ọ́, kí ó lè wá ìtumọ̀ rẹ̀. Fóònù ní òun kò rí nǹkan kan.

Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ohun àdììtú. Ní ọdún 1875 ni àwọn ìjọ CMS ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, àmì abẹ́ lẹ́tà sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n ń tẹ̀: ẹ, ọ, ṣ. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi pín ilẹ̀ wa, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí apá kan, Kétu bọ́ sí apá kejì. Nígbà tí wọ́n ń fa ìlà yẹn, ahoro ni Kétu wà. Dahomey ti fọ́ ọ ní 1886, wọ́n ti kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ, ọdún 1894 ni wọ́n tó padà wá tún un tẹ̀ dó. Ìlú tí kò sí nílé ni wọ́n pín. Lẹ́yìn náà, ní 1975, ìjọba ilẹ̀ wa ṣe lẹ́tà kan fún gbogbo èdè orílẹ̀-èdè, kí Fọ̀n, Yorùbá, Bàrìbá àti àwọn yòókù lè máa lo irú kan náà. Ìpinnu tó dára ni. Níbẹ̀ ni a ti ń kọ ɛ àti ɔ, tí a ń kọ sh, tí a sì ń kọ kp níbi tí ará Nàìjíríà ti ń kọ p nìkan. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí tí ẹja fi di ɛja, tí ọ̀ṣọ́ di ɔ̀shɔ́, tí pẹ́pẹ́yẹ sì di kpɛ́kpɛ́yɛ.

Orúkọ ìlú wa fúnra rẹ̀ lè jẹ́rìí. Kp wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ou ti Faransé sì wà ní ìparí. Bí a bá tẹ̀ lé lẹ́tà 1975, Kpanku ni à bá kọ. Bí ó bá jẹ́ ní òdìkejì ibodè ni, wọn ì bá kọ Panku. Orúkọ kan, aṣọ mẹ́ta. Èmi tí mo ń kọ èyí, ìkọ̀wé ti Nàìjíríà ni mo ń lò, nítorí òun ni ìwé ìròyìn yìí ń lò, mo sì mọ̀ pé ìyá ọmọ náà yóò kọsẹ̀ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ náà kọ ètò kan. Orí fóònù ló ti kọ ọ́, pẹ̀lú Pydroid, nítorí a kò ní kọ̀ǹpútà tí a lè fún un. Kò tó ọgọ́ta ìlà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Nàìjíríà sínú rẹ̀, ti Bénin yóò jáde; ẹ fi ti Bénin sí i, ti Nàìjíríà yóò jáde. Ó rọrùn lójú. Èmi gan-an ni mo sọ fún un pé iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ibi tó ti gbà á lákòókò yìí sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà.

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Ètò kan wà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1991, tí wọ́n ń pè ní Unicode, òun ló ń fún lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà. Ẹ ní tirẹ̀, ọ ní tirẹ̀, ṣ ní tirẹ̀. Ɛ àti ɔ náà ní tiwọn, ṣùgbọ́n nínú ìwé ńlá yẹn kò sí ohun tó sọ pé ẹ àti ɛ jẹ́ ìbejì. Ó ku àmì ohùn. Bí a bá gbé àmì òkè lé ẹ lórí, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dúró fún méjèèjì pọ̀: ti ẹ dá dúró, ti àmì dá dúró. Ẹ bi Python pé lẹ́tà mélòó ló wà nínú «ọjọ́», mẹ́rin ni yóò dá yín lóhùn. Èyí tó wá le jù ni pé ẹnì kan lè kọ́kọ́ tẹ é, kí ó tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀, ẹlòmíràn lè kọ́kọ́ tẹ ẹ, kí ó tó fi àmì lé e lórí. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ni, bí ẹ bá sì ń wá ọ̀kan, ó lè má fi èkejì hàn yín. Ohun tí a ti kọ ní Yorùbá lè sọnù báyìí, kí ó wà níbẹ̀, kí a má sì rí i. Python ní irinṣẹ́ kékeré kan, unicodedata, tó ń to àwọn àmì náà sí ipò kan náà kí a tó fi wọ́n wéra. Ọmọ náà rí i fúnra rẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n.

Ètò náà ṣì ní àbùkù kan. Bí ó bá ti rí p, kp ni yóò sọ ọ́ dà, kò mọ ọ̀rọ̀ tí a yá láti èdè àjèjì yàtọ̀. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà di kɔ̀ǹkpútà. Mo ní kí ó tún un ṣe kí a tó lọ. Ó ní rárá, òun yóò fi hàn wọ́n bẹ́ẹ̀, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí òun sì bi wọ́n bí àwọn ì bá ṣe ṣe é. Mo rò ó títí, mo rí i pé ohun tí ọ̀rọ̀ mànàmáná wà fún nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Láti Kpankou, a ó gun zémidjan dé Kétu, a ó wọ mọ́tò lọ sí Pobè, sí Sakété, sí Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, kí a tó dé Kútọnú. Mo lọ bá ìyá ọmọ náà níbi tó ti ń yan gààrí.

«Monsieur, ẹ ní ìṣẹ́jú mélòó?»

«Márùn-ún, màmá.»

«Láti ibí dé Kútọnú, nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣé wọ́n ti fún un láàyè náà?»

Mo ní wọn kò tíì fún un, pé ibẹ̀ ni yóò ti kọ orúkọ rẹ̀ sórí bébà, pé bí bébà náà bá kún kó tó kàn án, ó kún nìyẹn. Ó ro gààrí náà lọ, ó rò ó bọ̀. N kò mọ irọ́ tí mo lè pa fún un, n kò sì pa á. Ó ní kí n lọ, òun ti gbọ́.

Ohun kan tún wà tí n kò sọ fún un. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, egungun ẹran kan wà tí wọ́n so mọ́ okùn. Signal ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá sọ èdè ilé ni yóò fi kọ́ ọrùn, títí yóò fi mú ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí agogo ìparí bá lù ni yóò jẹ ẹgba. Ọjọ́ kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ lọ́rùn ni, ìyá àgbà mi dé ẹ̀bá ọgbà, ó gbé àkàrà wá fún mi, ó sì pe orúkọ mi. Mo gbọ́. Mo yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí kò gbọ́. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbé àkàrà rẹ̀ padà lọ sílé. Faransé tí mo fi gba ìwé ẹ̀rí mi, tí mo fi ń jẹun títí di òní, ara ohun tí mo fi rà á nìyẹn.

Nígbà tí ọmọ yìí kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lábẹ́ igi, Yorùbá ló fi bẹ̀rẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti sọ pé: «En français.» Ó dákẹ́. Ó wá béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé: «Monsieur, ṣé ọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà Yorùbá ni ẹ ní kí n má fi Yorùbá sọ?» N kò rí èsì fún un ní ọjọ́ náà. Òótọ́ sì ni pé àwọn tó pọ̀ nínú ìjókòó yẹn yóò jẹ́ Fọ̀n, Gùn, Mina, tàbí ará Togo, tí kò gbọ́ èdè wa. A fà á síwá, a fà á sẹ́yìn. Ibi tí a parí rẹ̀ sí ni pé yóò ṣàlàyé ní Faransé, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá hàn lójú aṣọ funfun ara ògiri yóò jẹ́ Yorùbá, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ Yorùbá.

Ìbẹ̀rẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ọmọ Kétu ni wá. Ẹni tó bá ti wà níbi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní òru Ẹ̀fẹ̀ mọ̀ pé ìjúbà Ẹ̀fẹ̀ nìkan ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kò sì sí ẹni tí yóò ní kó ṣe kíá. Ọmọ náà kọ́kọ́ kí àwọn àgbà, ó kí àwọn tó pe ìpàdé, ó kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ó kí èmi. Ìṣẹ́jú méjì ti lọ. Mo rántí bí àwọn ìjòyè wa ṣe ń ṣe é níbi ayẹyẹ, tí wọn yóò ní «tous protocoles observés», tí wọn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ gbogbo ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá gé e sí gbólóhùn kan: «Mo júbà àgbà, mo júbà ọmọdé.» Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Ó ní ó dun òun pé òun kò kí mi mọ́. Mo ní kí ó má bínú, mo gbà á.

Ní àná, ìṣẹ́jú márùn-ún àti ìṣẹ́jú-àáyá ogún ló jẹ́. A ní láti yọ nǹkan kan. Mo ní kí ó yọ ìtàn Bíbélì ìyá àgbà rẹ̀, kí ó bọ́ sórí Unicode tààrà, nítorí àwọn onímọ̀ ló fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ó kọ̀. A wà lórí rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ yọ láti ọ̀nà ọjà, igbá lórí. Ó sọ igbá kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ rí ohun tí àwọn fẹ́ ná owó òun sí. Ọmọ náà ti tẹ ojú ewé kan nínú Bíbélì náà sínú fóònù. Ó tẹ ibi kan, àwọn àmì abẹ́ lẹ́tà pòórá, ɛ àti ɔ dé. Ó gbé fóònù náà fún ìyá rẹ̀. Ìyá náà gbé e jìnnà sí ojú díẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà àkọ́kọ́, ó kà á. Ó ka èkejì. Ó ka ẹ̀kẹta láìdúró, ohùn rẹ̀ sì ń gòkè bí ti ẹni tó wà ní ilé ìsìn. N kò ka ìṣẹ́jú.

Ìtàn Bíbélì kò kúrò mọ́. Èyí tí a yọ ni àlàyé tí èmi fúnra mi fi kún un nípa ọdún 1875. Ọjọ́ Ẹtì, ní aago márùn-ún ìdájí, ni a ó gbéra, kí a lè sùn sí Kútọnú, kí ó sì wà níwájú bébà náà kí ẹnikẹ́ni tó mú kálámù.